Ohun Tí Àwọn Olùwádìí Ààbò Kì Í Bi Ará Ẹnubodè

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7, oṣù Kejìlá, ọdún 2025, àwọn ṣọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní Kútọnu, wọ́n ní àwọn ti gbàjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Patrice Talon. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí bàálù ajagun Nàìjíríà fi dé ojú òfurufú Benin. Ìjọba Talon ló ké sí Àbújá, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú sì jẹ́ ẹ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà tó fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ ogun wa lọ sí Benin. Ìdìtẹ̀ náà ti fọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Èwo wá ni ká pe irú ọ̀rọ̀ yìí? Bẹ́ ẹ bá gbé e lọ sí yunifásítì, wọ́n á pín in mọ́ra wọn lọ́wọ́. Àwọn tó ń kọ́ nípa ogun yóò mú bàálù. Àwọn tó ń kọ́ nípa ìbáṣepọ̀ orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè yóò mú ECOWAS àti ìbéèrè tó wá láti Kútọnu. Àwọn tó ń wádìí ààbò abẹ́lé yóò ní kò kan àwọn, Kútọnu kì í ṣe Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ń gbé Ìdìrókò lẹ́nubodè. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà: ṣé bodè yóò ṣí lọ́la?

Àgbéyẹ̀wò tí mo fẹ́ ṣe nìyí: kí ni àwọn onímọ̀ wa ti wádìí nípa ogun, ààbò àti bí a ṣe ń bá òkèèrè lò, ibo ni ojú wọn tó, ibo ni kò tó. Ìwé pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan lè kà tán lọ, nítorí náà ẹnubodè àwa àti Benin ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Yorùbá wà ní ìhín, Yorùbá wà ní ọ̀hún, ìwádìí tí kò bá sì kúnjú òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ ti ń kọ́kọ́ yọ.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa kò ya ogun sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ikọ̀. Ní Ọ̀yọ́, ìlàrí ni Aláàfin ń rán. Wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí, kí ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lọ́nà ti mọ̀ láti òkèèrè pé ọ̀rọ̀ ọba ló gbé dání. Òun ló ń jíṣẹ́, òun ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, òun náà ló ń ṣe ojú ọba láàrín àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ mẹ́ta lórí kan ṣoṣo, àní lórí tí wọ́n fá lábọ̀: aṣojú ìjọba, agbowó-orí àti olófòófó. Dahomey pàápàá san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí Gezo fi já okùn náà láàrín ọdún 1820 sí 1830. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ yí padà, tí ogun Dahomey kọlu Abẹ́òkúta lọ́dún 1851 àti 1864, tí wọ́n sì fọ́ Kétu túútúú lọ́dún 1886. Ọdún 1886 yẹn kan náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì, àwọn jagunjagun kò sì tú ká pátápátá títí di 1893.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún yìí ni àwọn onímọ̀ wa wádìí jinlẹ̀ jù lọ. J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith kọ ìwé lórí bí Yorùbá ṣe ń jagun, ó jáde lọ́dún 1964. S. A. Akíntóyè tẹ̀lé e lọ́dún 1971 pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lórí ìyípadà àti ìjà agbára nílẹ̀ Yorùbá láti 1840 sí 1893. Tóyìn Fálọlá àti Dáre Ògúntómisìn kọ nípa àwọn ológun nínú ìṣèlú ìgbà náà. Ẹni tó bá ka ìwọ̀nyí yóò rí i pé Ìbàdàn mọ bí a ti ń fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun, yóò rí i pé àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà mọ bí a ti ń parapọ̀, yóò sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ajẹ́lẹ̀ bá jẹ ìlú jù. Ìgbà mélòó ni mo ti gbọ́ ọ̀gá ológun tó fẹ̀yìn tì tó ń sọ̀rọ̀ nípa ààbò ilẹ̀ wa, tó dárúkọ Clausewitz tàbí Sun Tzu! Mi ò tíì gbọ́ èyí tó dárúkọ Ògèdèngbé, ọ̀gágun àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà nínú ogun Kírìjì. Ẹ̀ka ìtàn ni wọ́n ti àwọn ìwé náà mọ́, bí ẹni pé ogun àtijọ́ kò kọ́ni ní nǹkan kan ju ọjọ́ tí wọ́n jà á lọ.

Ọjọ́ 10, oṣù Kẹjọ, ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n fi pín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ti ara Kétu jáde bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí ọ̀hún, àwọn Ànàgó, Ọ̀họ̀rí àti Ìfọ̀hìn pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìmọ̀ gidi ni Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ òyìnbó láti 1889 sí 1945 jáde lọ́dún 1976, kò sì sí ìwé kan tí mo lè gbé síwájú rẹ̀ nínú gbogbo ọ̀ràn tí mò ń sọ yìí.

Ohun tó ṣe rọrùn, kò sì sí ẹni tó ti ṣe é dáadáa ṣáájú rẹ̀. Ó mú ẹbí kan náà tí àwọn òyìnbó là sí méjì, ó ní ká wò ó bí ọwọ́ Faransé ṣe rí lára èyí tó wà ní Kétu, ká tún wò ó bí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí lára èyí tó wà ní Ìmẹ̀kọ. Faransé ń fi túláàsì kó àwọn èèyàn ṣiṣẹ́, ó ń kó ọ̀dọ́kùnrin wọn lọ sójú ogun òyìnbó. Àwọn Ọ̀họ̀rí yarí nígbà ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n di ẹrù wọn lóru, wọ́n rékọjá sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn lápá Gẹ̀ẹ́sì, abúlé odindi sì ń ṣófo. Gẹ̀ẹ́sì náà kì í ṣe ẹni mímọ́, ṣùgbọ́n àjàgà tirẹ̀ kò wúwo tó ti ẹnìkejì rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ará ẹnubodè ń dán ìjọba méjì wò lójoojúmọ́, ó ń fi wọ́n wéra bí ìyàwó ilé ṣe ń fi ọjà wéra. Ìwádìí ààbò tí kò bá mọ ìyẹn, ìwé àwòrán ilẹ̀ lásán ló ń kà.

Lápá kejì ààlà, Ogunṣọlá John Igué, ọmọ Benin tó jẹ́ Yorùbá, fi ojú ọrọ̀ ajé wo ohun kan náà. Ìwé tí òun àti Bio Soulé kọ lédè Faransé lọ́dún 1992 sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀bọpobọyọ̀ pé Benin sọ ara rẹ̀ di ilé ìkẹ́rùsí. Ìrẹsì tí Benin ń gbà wọlé ju ohun tí ẹnu àwọn ará ibẹ̀ lè jẹ lọ fíìfíì. Tòkúńbọ̀ tó gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu, Nàìjíríà lọ̀pọ̀ wọn ń bọ̀. Bí Àbújá bá fòfin de nǹkan kan lónìí, inú oníṣòwò Kútọnu á dùn lọ́la, torí owó ọjà náà ti gbéra nìyẹn. Epo tiwa náà ń gba ọ̀nà yẹn padà, èyí tí wọ́n ń pè ní kpayo lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Nígbà tí ìjọba Tinúbú yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó kpayo fò sókè ní Kútọnu. Ìpinnu tí wọ́n ṣe nítorí àpò ìjọba Nàìjíríà, ìkòkò ọbẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Fàyàwọ́ ni àwa ń pe òwò yìí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ẹni tó ń fi àyà wọ́ nílẹ̀ bí ejò kí oníbodè má bàa rí i. Àwọn tí mo rí kò fi àyà wọ́ rárá. Lójú ọ̀nà oko kan tí kò jìnnà sí Ìdìrókò, mo rí ọ̀kadà tí wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n fi irin kún ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọ́n so kẹ́ẹ̀gì mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó gùn ún kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Lábẹ́ igi kan, ìyá àgbàlagbà kan ń fi kóńgò wọn ìrẹsì láti inú àpò sínú ọ̀rá dúdú, ó ń so ó nídìí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Níbo lẹ ti rà á?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ ò rí i pé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni?" Ó na ọwọ́ sí apá ibi tí fóònù mi ti ń kí mi káàbọ̀ sí Benin láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí mo rò pé Ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo ṣì wà. Lábẹ́ gèlè rẹ̀ ni náírà wà, sẹ́fà wà ní ìdí ìró. Bí mo ṣe bèèrè iye tí wọ́n ń ṣẹ́ sẹ́fà lọ́jọ́ náà, ó dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, kò ronú.

Ìjọba Nàìjíríà ní oògùn kan ṣoṣo fún ìyá yìí: ẹ ti bodè. Wọ́n tì í lọ́dún 1984, ó di 1986 kó tó ṣí. Wọ́n tún tì í lọ́dún 2003 fún ọjọ́ díẹ̀ nítorí àwọn olè mọ́tò tó ń sá lọ sí Kútọnu. Èyí tó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín jù ni ti 2019. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, Ààrẹ Bùhárí àti Ààrẹ Talon jọ ṣí ibùdó àjọlò tuntun ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, owó ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n fi kọ́ ọ, kí aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè méjèèjì lè máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Ó ku díẹ̀ kó pé oṣù mẹ́wàá, Nàìjíríà ti bodè pa. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé Sẹ̀mẹ̀ ti ṣí. Ìdìrókò dúró títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022. Kí bodè má bàa nìkan jìyà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 àwọn kọ́sítọ̀mù pàṣẹ pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ já epo sí ilé epo tó bá wà láàrín ogún kìlómítà sí ààlà. Ẹ fojú inú wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ gàrí ní Ìmẹ̀kọ. Ọmọ Nàìjíríà ni, ó ń san owó-orí, àmọ́ ìjọba rẹ̀ ti kà á mọ́ onífàyàwọ́ nítorí ibi tí ìdodo rẹ̀ wà.

Ṣé àwọn olùwádìí kò sọ̀rọ̀ lórí èyí? Wọ́n sọ. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ka iye ìrẹsì, àwọn onímọ̀ òfin sọ pé títì náà tako àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 tó ní kí ará ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lè wọ ìlú ara wọn láìgba físà. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo wá tì níbẹ̀ ni ìwádìí tó bèèrè bóyá títì bodè dín ìbọn tó ń wọlé kù, nígbà tó jẹ́ pé ìbọn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwáwí. Bodè tí wọ́n tì, ẹni tó ní ìwé ìrìnnà ló dá dúró. Ẹni tó gbé ìbọn kì í sábà gba Sẹ̀mẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń bá òkèèrè lò. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn-ún sọ. Inú oṣù Kọkànlá ọdún 1960, tí òmìnira kò tíì pé oṣù méjì, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn wọ́ lọ sí Èkó láti ta ko àdéhùn ológun tí ìjọba bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Oṣù Kìíní ọdún 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Láàrín méjì, ní oṣù Kìíní ọdún 1961, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé lọ nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Ọdún 1961 yẹn náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀rọ̀ òkèèrè sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí NIIA.

Ilé yẹn ti bí ìmọ̀ tó pọ̀. Bọ́lájí Akínyẹmí darí rẹ̀ láti 1975 sí 1983, ó di mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè lọ́dún 1985, ó sì dá ètò tó ń kó àwọn olùkọ́ àti dókítà wa lọ ran àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1987. Ọlájídé Àlùkò ní Ifẹ̀ kọ àwọn àròkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń kà. Ibrahim Gambari, ọmọ Ìlọrin, ló wá fi ọ̀rọ̀ náà sínú òrùka: aládùúgbò wa ni kó ṣáájú, kí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tẹ̀lé e, kí Áfíríkà yòókù tó kàn, ká tó wá kan ayé tó kù. Èrò tó dára ni, n kò rí ẹni tó ta kò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́ tẹnubodè. Láti 1984 sí 1985 ni Gambari fi jẹ́ mínísítà, nínú ìjọba tó ti bodè mọ́ àwọn aládùúgbò náà gan-an. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan, ìjọba ológun ni. Àmọ́ òrùka àkọ́kọ́ ti já kí yíǹkì ìwé tó gbẹ.

Ìgbà kan wà tí wọ́n ṣe é dáadáa. Nígbà ogun abẹ́lé wa, bàálù tó ń kó oúnjẹ àti oògùn lọ sí Biafra gbéra láti Kútọnu lọ́dún 1969, Gowon sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀ pé aládùúgbò tí kò jẹ àǹfààní ọ̀dọ̀ rẹ yóò gba ẹlòmíràn láyè. Lẹ́yìn ogun, Nàìjíríà fi owó sí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onígbòlò àti ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ̀ẹ́, lápá Benin. Ilẹ̀ Yorùbá ni méjèèjì. Lọ́dún 1975, Adébáyọ̀ Adédèjì, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó wà nídìí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba Gowon, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ jù kí ECOWAS tó dúró. Bí mo bá lágbára, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò lọ gbé Onígbòlò fún ọdún kan, yóò bi àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ náà nípa ohun tí owó Nàìjíríà ṣe ládùúgbò wọn. Ìyẹn ni ìlànà òkèèrè tó ní òórùn àti eruku.

Ìwé lórí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, ló wá pọ̀ bí koríko. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 1990 tí àwọn ọmọ ogun wa ti wọ Liberia, tí wọ́n tún bọ́ sí Sierra Leone, àwọn onímọ̀ kò sinmi. Abíọ́dún Àlàó kọ tirẹ̀ lọ́dún 1998, Fúnmi Ọlọ́níṣakin lọ́dún 2000, Adékẹ́yẹ Adébàjọ̀ lọ́dún 2002. Iṣẹ́ gidi ni, ẹ wá wọn kà. King's College ní Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn méjì àkọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó. Mi ò bínú sí wọn, ẹni tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì kò jẹ́ kó kàwé nílé yóò kà á níbi tí iná wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ṣe jà ní Monrovia, ẹ ó rí ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí opó ṣọ́jà tó kú ní Monrovia ṣe jẹun ní Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ẹ wá onítàn ẹnu.

Nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS tí Tinúbú ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága rẹ̀ fún wọn ní ọjọ́ méje, ó fi ogun halẹ̀. Ilé aṣòfin àgbà kò fọwọ́ sí ogun. Nàìjíríà ti bodè, ó pa iná mọ́ wọn. Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀? Niger, Mali àti Burkina Faso kó jáde, wọ́n sì lọ tán ní oṣù Kìíní ọdún 2025. Ti Benin lọ́dún 2025 wá yọrí sí rere, nítorí pé ìjọba tó wà níbẹ̀ ló ké pè wá. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì tó ìwé odindi. Ohun kan tún wà tí kò yẹ kó fara sin: oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Tinúbú pe gbogbo ańbásádọ̀ wa wálé, ìparí ọdún 2025 ni orúkọ àwọn tó fẹ́ rọ́pò wọn tó dé iwájú ilé aṣòfin. Ó lé lọ́dún méjì tí àwọn adelé fi ń darí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣojú wa, Kútọnu náà kò yọ sílẹ̀. Bàálù ajagun wa ṣáájú ańbásádọ̀ dé.

Nílé ńkọ́? Ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 2020 ni àwọn gómìnà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ṣí ẹ̀ṣọ́ aláàbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, Rótìmí Akérédolú sì ni alága wọn. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu. Òfin ilẹ̀ wa ọdún 1999, ní abala 214, ní ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà. Àwọn ìpínlẹ̀ wá ṣe òfin tiwọn, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀, àwọn ọdẹ wọ aṣọ tuntun. Ní òru ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2021, àwọn agbébọn kọlu Igangan ní Ìbàràpá, wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun ààfin àti ilé epo. Ó pé ọdún kan géérégé, ọjọ́ 5, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, àwọn agbébọn pa ó kéré tán ogójì èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, wọ́n sì jí ọmọ ilé-ìwé gbé ní Èmùré lọ́jọ́ kan náà.

Ìwádìí lórí ìwọ̀nyí ń pọ̀ sí i, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ àlàáfíà ní Yunifásítì Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú púpọ̀ nínú rẹ̀ ni pé ó ń ka òkú, kò ka owó. Ta ló ń gba owó ìtúsílẹ̀, báwo ló ṣe ń rìn, inú báńkì wo tàbí inú màálù wo ló ń bọ́ sí? Èkejì, wọ́n ń kọ ọ́ bí ẹni pé ìlú kan ò ní ààlà. Òkè-Ògùn fẹ̀gbẹ́ kan Benin, Ìbàràpá kò sì jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwòrán ilẹ̀ tí mo rí nínú àwọn ìwádìí náà parí sí ẹnubodè, òdìkejì funfun bí ìwé tí a kò kọ nǹkan sí. Ẹjọ́ Sunday Ìgbòho, ajìjàgbara Yorùbá, ló yẹ kó là wọ́n lójú. Oṣù Keje ọdún 2021 ni àwọn DSS ya wọ ilé rẹ̀ ní Ṣókà, Ìbàdàn, kí oṣù náà tó parí ó ti wà ní àtìmọ́lé ní Kútọnu, Benin kò sì fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ààbò abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ láti Ṣókà, ó di ọ̀rọ̀ àárín orílẹ̀-èdè méjì kí oṣù tó lé.

Ibi tó yẹ kí ojú wa wà báyìí ni òkè, ní Bọ̀rgú. Àwọn agbésùnmọ̀mí tó wá láti Sàhẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu àríwá Benin ní ìparí ọdún 2021. Lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹrin, ọdún 2025, wọ́n pa ṣọ́jà Benin 54. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀kan nínú wọn, ẹgbẹ́ JNIM, ní àwọn ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ wọn ní Nàìjíríà, ní Ìpínlẹ̀ Kwárà. Igbó ọba ńláńlá ni wọ́n ń gbà, èyí tí wọ́n ń pè ní W àti Pendjari lọ́hùn-ún, àti Kainji ní ìhín. Lára àwọn tó fi ìwádìí kíkún kìlọ̀ nípa ọ̀nà Kainji yìí ni Clingendael, ilé ìwádìí kan ní Netherlands, lọ́dún 2024. Ará Netherlands ló wá sọ fún wa pé iná ń bọ̀ lẹ́yìnkùlé wa. Inú mi dùn pé wọ́n sọ ọ́, ojú sì tì mí. Láti Kainji sí Ọ̀yọ́-Ilé àtijọ́, ilẹ̀ tí ìlàrí ń fi ẹsẹ̀ rìn ni.

Ti ojú omi, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nàìjíríà àti Benin bẹ̀rẹ̀ sí í jọ ṣọ́ etíkun lọ́dún 2011, òfin Nàìjíríà tó de olè orí omi jáde lọ́dún 2019, ìkọlù sì ti dín kù gan-an láti 2021. Níbẹ̀ ni ìjọba méjèèjì ti fi hàn pé àwọn lè jọ ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí orí ilẹ̀ kò fi rí bẹ́ẹ̀? Mo rò pé ẹja kò ní ẹbí lápá kejì omi, kò sì sí ẹni tó ń fi kóńgò wọn ọkọ̀ ojú omi.

Àléébù tó tóbi jù nínú gbogbo ìwádìí yìí ni èdè. Èkó ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Kútọnu ń kọ ọ́ ní Faransé, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ń fi Yorùbá, Ègùn àti Bàrìbá sọ ọ́. Aṣíwájú àti Igué ń wo ẹnubodè kan náà, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ní Ìbàdàn tàbí Àbọ̀mẹ̀-Kàlàfí ló ti ka àwọn méjèèjì pọ̀? Àṣà ti ṣe ohun tí ìwádìí kò ṣe: Benin, Nàìjíríà àti Togo jọ fi orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO. Ní gbogbo Kérésìmesì, àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947, ń rékọjá ààlà wá sí Ìmẹ̀kọ níbi tí wọ́n sin ín sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó wọ aṣọ funfun. Bí wọ́n ṣe ń wọlé tí wọ́n sì ń jáde, ẹni tó bá ń kọ́ nípa ààbò ẹnubodè ní ẹ̀kọ́ tó pọ̀ láti rí kọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àkòrí báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi Monrovia sílẹ̀ díẹ̀. Ẹ wọ mọ́tò ní Ọtà tàbí Abẹ́òkúta, ẹ lọ sí Ìlarà, Ọjà-Ọ̀dàn, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ jókòó ti ẹni tó ń ṣẹ́ sẹ́fà, ọdẹ tó ń gbélé ní ọ̀sán, awakọ̀ tó mọ iye ibi tí wọn yóò ti dá a dúró. Ẹ bi wọ́n ohun tó yí padà láti 2019, ohun tó tún yí padà láti oṣù Kejìlá ọdún 2025. Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀ fún olùkọ́ yín.